Kíbọ́ọ̀dù Bluetooth Lórí Fóònù: Bí Ẹ Ṣe Máa Fi Kọ Yorùbá Tó Lámì Lórí, Tó Lámì Nídìí

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Níbi ìpàdé kan, àtàǹpàkò méjèèjì ni mo fi ń tẹ àkọsílẹ̀ sórí fóònù, mo sì ń sáré, torí ẹnu àwọn tó ń sọ̀rọ̀ yá ju ọwọ́ mi lọ. Ohun tí mo kọ rèé: "Alaga ni ki a maa bu owo fun awon agba egbe." Mo fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́, mo lọ sùn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí akápò fi pè mí: "Akọ̀wé, ẹ kú àárọ̀ o. Èló ni alága ní ká bù fún wọn, inú àpò wo la ó sì ti bù ú?" Ọ̀wọ̀ ni alága sọ, kì í ṣe owó. Lára ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, àmì mẹ́rin péré ni mo fò, méjì lórí, méjì nídìí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wàhálà sílẹ̀ láàárín àgbà àti ọ̀dọ́ ẹgbẹ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń lo kíbọ́ọ̀dù ọwọ́ tí kò ní wáyà, tó ń bá fóònù ṣiṣẹ́ nípasẹ̀ Bluetooth. Síso ó pọ̀ mọ́ fóònù kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Kí ó tó lè kọ "ọ̀wọ̀" bó ṣe yẹ ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ sì ni ó ti máa ń sú ọ̀pọ̀ èèyàn, tí wọ́n á tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Níbẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ pẹ́ jù.

Kí ẹ tó sanwó

Oríṣi méjì ni kíbọ́ọ̀dù tí kò ní wáyà, ìrísí wọn sì jọra. Ní Computer Village n'Íkẹjà, bí ẹ bá kàn ní kí wọ́n fún yín ní "wireless keyboard", èyí tó bá wà nílẹ̀ ni wọ́n máa gbé fún yín. Oríṣi àkọ́kọ́ ní nǹkan kékeré kan bí orí ìka, dongle, tí wọ́n ń kì bọ ihò USB kọ̀ǹpútà. Fóònù kò ní irú ihò ńlá bẹ́ẹ̀. Àfi kí ẹ tún ra OTG, ìyẹn wáyà kékeré tó ń so nǹkan USB mọ́ fóònù, dongle á wá yọ jáde nídìí fóònù, á sì máa fa bátìrì rẹ̀. Oríṣi kejì ni ti Bluetooth, òun la fẹ́. Ẹ béèrè báyìí: "Bọ̀dá, ṣé Bluetooth ni àbí dongle?" Bí wọ́n bá dáhùn pé "kò ní wáyà kankan", wọn ò tíì dáhùn ìbéèrè yín. Ẹ wo ara páálí rẹ̀ fún àmì Bluetooth, èyí tó dà bí B tó ní ìrù méjì lẹ́yìn. (Lẹ́tà àtijọ́ méjì ti àwọn ará Scandinavia ni wọ́n so pọ̀ níbẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ Harald Bluetooth, ọba Denmark kan láyé àtijọ́.)

Ìdí mìíràn wà tí n kò fi fọkàn tán ti dongle olówó pọ́ọ́kú. Ní 2016, ilé iṣẹ́ ààbò kan tí wọ́n ń pè ní Bastille, ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé àwọn kan nínú wọn kì í fi ohunkóhun bo ohun tí èèyàn ń tẹ̀ kí wọ́n tó jù ú sínú afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá ní irinṣẹ́ tó yẹ lè jókòó sí ilé kejì, kó máa ka password báńkì yín bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ti Bluetooth máa ń ti ọ̀rọ̀ náà mọ́ àárín òun àti fóònù tí ẹ so ó mọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí Yorùbá la fẹ́ kọ. Ẹ wá bọ́tìnnì tó ní àmì yìí: `. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ 1 lápá òsì ló sábà máa ń wà. Lórí àwọn kékeré tó ń ká, wọ́n lè fi pamọ́ sábẹ́ Fn, ìyẹn ni pé ẹ ó máa tẹ bọ́tìnnì méjì tàbí mẹ́ta nígbàkigbà tí ẹ bá fẹ́ àmì ohùn ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àmì yẹn ò lóǹkà nínú Yorùbá. Ẹ tún wò ó bóyá Alt wà lápá ọ̀tún ibi tí èèyàn fi ń fi àlàfo sílẹ̀. Èyí tí kò bá ní méjèèjì, bó ti wù kó dùn ún wò tó, ẹ jẹ́ kó máa bá a lọ.

Ní ti orúkọ, Logitech K380 lágbára, bátìrì AAA méjì ló ń lò, ó sì lè rántí ẹ̀rọ mẹ́ta. K480 tóbi jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó ní ihò gbọọrọ lókè tí fóònù lè dúró sí. Àwọn tó ń ká sí méjì tàbí mẹ́ta wọ inú báàgì dáadáa. Ti gbígbé lọ sí ìpàdé, wọ́n dára. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ mú fóònù tiyín lọ, kí ẹ so ó pọ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì tẹ gbólóhùn méjì kí ẹ tó ka owó sílẹ̀.

Síso ó pọ̀

1. Ẹ fún un ní iná tó tó. Bí ó bá jẹ́ èyí tó ń gba ṣáàjì, ẹ jẹ́ kó kún kí NEPA tó mú iná. Bí ó bá jẹ́ ti AAA, ẹ ra bátìrì tuntun; àtijọ́ tí ẹ yọ lára rímóòtù kò ní jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá kíbọ́ọ̀dù ló bàjẹ́ tàbí bátìrì.

2. Ẹ tàn án, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì àsopọ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ó lè jẹ́ bọ́tìnnì tó ní àmì Bluetooth, ó lè jẹ́ Fn pẹ̀lú lẹ́tà kan. Ti K380, F1, F2 tàbí F3 ni. Iná kékeré kan á bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́jú wìrìwìrì. Bí kò bá ṣẹ́jú, kò tíì ṣí ilẹ̀kùn, fóònù kò sì lè rí i.

3. Lórí Android, ẹ lọ sí Settings, Connected devices, Pair new device. Lórí Samsung, Settings, Connections, Bluetooth. Lórí iPhone, Settings, Bluetooth.

4. Ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ nígbà tó bá yọjú. Bí nọ́ńbà mẹ́fà bá jáde lójú fóònù, orí kíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ni ẹ ó ti tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fi Enter tì í lẹ́yìn. Ẹ lè má rí nọ́ńbà kankan bí ẹ ṣe ń tẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń rò pé kò ṣiṣẹ́, tí wọ́n á pa á. Ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́ parí.

5. Ẹ ṣí ibi tí wọ́n ti ń kọ nǹkan, ẹ tẹ orúkọ yín. Bó bá ti jáde, a ti wọlé.

Ẹ tẹ Shift àti 2 báyìí. Bí @ bá jáde, ètò bọ́tìnnì ti Amẹ́ríkà ni fóònù ń lò. Bí àmì àyọlò bá jáde, ti ìlú ọba ni. Bí ohun tó jáde kò bá bá ohun tí wọ́n tẹ̀ sára bọ́tìnnì mu, kíbọ́ọ̀dù ò bàjẹ́, ètò ni kò bára mu. Lórí Android, ẹ wá Physical keyboard nínú Settings, lábẹ́ System, nínú Languages & input tàbí Keyboard; lórí Samsung, abẹ́ General management ló wà. Ẹ tẹ orúkọ kíbọ́ọ̀dù yín, kí ẹ sì yan English (US) bí ti Amẹ́ríkà bá ni ó jẹ́. Ẹ má yan ètò mìíràn nítorí pé orúkọ rẹ̀ dùn. Ohun tó kàn wá báyìí dúró lórí èyí.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá gan-an

Kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń bá fà á. Nínú Unicode, ìyẹn ìwé orúkọ gbogbo lẹ́tà tí fóònù ń lò, lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9. Lẹ́tà ọ ní tirẹ̀, U+1ECD, ṣ náà ní tirẹ̀, U+1E63. À, á, è, é àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní tiwọn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lẹ́tà ló kọ́kọ́ dúró, àmì ohùn wá gùn ún lẹ́yìn: U+0301 fún ohùn òkè, U+0300 fún ohùn ìsàlẹ̀. Nítorí náà, nínú "ọ̀wọ̀", lẹ́tà mẹ́ta ni ojú wa ń rí, nǹkan márùn-ún ni fóònù ń kà.

Ìyẹn ló fà á tí Backspace fi máa ń yọ àmì ohùn nìkan nígbà mìíràn, tí lẹ́tà á ṣẹ́ kù. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyẹn náà ló fà á tí ètò kan fi rọrùn jù lọ láti fi sọ́kàn: àmì ìdí ṣáájú, àmì orí tẹ̀ lé e. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, ọwọ́ yín á mọ̀ ọ́n láìrò ó.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo ti gbìyànjú.

Àkọ́kọ́ ni ti Alt, kò sì gba áàpù kankan. Lórí àwọn Android kan, bí ètò inú Physical keyboard bá wà lórí Default dípò English (US), ẹ di Alt ọwọ́ ọ̀tún mú, ẹ tẹ E, ẹ tú ọwọ́ sílẹ̀, ẹ wá tẹ a: á yóò jáde. Ẹ di Alt kan náà mú, ẹ tẹ `, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ tẹ a: à yóò jáde. Ó ń ṣiṣẹ́ fún a, e, i, o, u, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún n, ẹ lè fi kọ "ń lọ" àti "ǹjẹ́" dé ìdajì. Mo ní ìdajì, torí kò mọ àmì ìdí rárá. Ẹ ó kọ "Wálé" dáadáa, ẹ ó sì há sórí "Ṣọlá". Ọ̀nà yìí dára fún àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú; kò tó fún akọ̀wé.

Ìkejì ni pé kí kíbọ́ọ̀dù ojú fóònù àti ti ọwọ́ jọ wà lẹ́nu iṣẹ́. Ní ojú ìwé Physical keyboard kan náà, ẹ ó rí bọ́tìnnì kan tí wọ́n kọ Show on-screen keyboard tàbí Use on-screen keyboard sí. Ẹ tàn án. Ẹ wọ Gboard, áàpù kíbọ́ọ̀dù ti Google, kí ẹ fi Yorùbá kún èdè rẹ̀. Nísinsìnyí, ẹ ó fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ lẹ́tà tó kù. Bí ẹ bá dé ẹ, ọ tàbí ṣ, ẹ na ìka kan sí ojú fóònù. Ó kọ Yorùbá pé pérépéré. Àléébù rẹ̀ ni pé ọwọ́ á máa gòkè, á máa sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni tó ń rokà tó tún ń ṣọ́ ọbẹ̀, ara á sì tètè kọ̀ ọ́. Ẹni tó ń kọ ojú ìwé kan lọ́sẹ̀ lè fara mọ́ ọn.

Ìkẹta ni mo dì mú: áàpù kíbọ́ọ̀dù tó ń jẹ́ Keyman. Ọ̀fẹ́ ni, àjọ SIL ló ni ín, ó sì wà ní Play Store. Bí ẹ bá ti gbé e sórí fóònù, ẹ ṣí Get Started inú rẹ̀, kí ẹ ṣe ohun mẹ́ta tó kọ síbẹ̀: ẹ fi kíbọ́ọ̀dù èdè yín kún un, ẹ gbà á láyè lórí fóònù, ẹ sì sọ ọ́ di èyí tí fóònù ń lò lójoojúmọ́. Fóònù á kìlọ̀ pé áàpù yìí lè rí gbogbo ohun tí ẹ bá tẹ̀. Ìkìlọ̀ kan náà ló ń sọ nípa gbogbo áàpù kíbọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá wá Yoruba níbẹ̀, ẹ ó rí ju ẹyọ kan lọ. Ẹ má kàn mú èyí tó wà lókè. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé ìrànlọ́wọ́ tirẹ̀, tó ń fi hàn bọ́tìnnì tó ń mú àmì ìdí jáde àtèyí tó ń mú àmì ohùn jáde. Wọn kò sì bára wọn mu. Wọ́n ṣe àwọn kan fún ojú fóònù nìkan, wọn ò ní gbọ́ ti kíbọ́ọ̀dù ọwọ́. Èyí tí ojú ìwé rẹ̀ bá ya àwòrán kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà ni ẹ mú.

Gbólóhùn tí mo fi ń dán an wò, ẹ ti mọ̀ ọ́n: "Alága ní kí á máa bu ọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà ẹgbẹ́." Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Bí ẹ bá dé "ọ̀wọ̀", ẹ tẹ o, ẹ fi bọ́tìnnì àmì ìdí sí i bí ojú ìwé ìrànlọ́wọ́ ṣe là á sílẹ̀, ẹ dúró kí ẹ rí ọ lójú fóònù, kí ẹ tó fi ohùn ìsàlẹ̀ lé e lórí. W kò ní wàhálà. Ẹ tún un ṣe fún ọ kejì. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ "Ẹ̀ṣọ́", kí ẹ rí i pé lẹ́tà ńlá náà ń gba àmì, torí ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń kùnà. Ó gbà mí tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ọwọ́ mi tó dẹ̀. Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, mo lọ́ra ju ti àtàǹpàkò lọ. Ẹ fara dà á.

Ẹ̀tàn kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún yín. Àwọn kan máa ń kọ e lásán, wọ́n á wá fi Ctrl àti U fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ kó lè jọ ẹ. Lójú, ó jọ ọ́. Bí ẹ bá wá ṣe àdàkọ rẹ̀ sórí WhatsApp, ìlà náà á ṣubú sọ́nà, e lásán ló máa débẹ̀, akápò á sì tún pè yín láàárọ̀.

Fún ẹni tó ń lo iPhone tàbí iPad: bí kíbọ́ọ̀dù bá ti so pọ̀, ẹ lọ sí Settings, General, Keyboard, Hardware Keyboard, kí ẹ yan ABC – Extended. Option àti X, lẹ́yìn náà o, yóò fún yín ní ọ; Option àti E ni ti ohùn òkè, Option àti ` ni ti ohùn ìsàlẹ̀. Fún ọ̀rọ̀ tó ń gba àmì méjì lórí lẹ́tà kan, tí ẹ sì ń lò lójoojúmọ́, ẹ kọ wọ́n sínú Text Replacement lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí "owo1" máa di "ọ̀wọ̀" fúnra rẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀

Mo máa ń kọ nǹkan sínú Google Docs ná, kí n tó gbé e lọ sí WhatsApp. Enter kan ṣoṣo tó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé lè fi ìdajì ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún èèyàn. Ẹ sọ ìwé náà di Available offline kí ẹ tó jáde nílé, kí àìsí nẹ́tíwọ̀kì má baà dá yín dúró. Docs á máa fa ìlà pupa sábẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì ló ń wá, ẹ pa á. Bí àmì ohùn bá ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà dípò kó jókòó lórí rẹ̀, irú lẹ́tà tí ẹ yàn ni kò mọ Yorùbá. Noto Sans máa ń gbé e dáadáa.

Ctrl àti C, X, V, Z àti A ń ṣiṣẹ́ bí ti kọ̀ǹpútà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Ctrl pẹ̀lú ọfà: ó ń fo ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, kò sídìí láti máa fi ìka wá àárín ọ̀rọ̀ lójú fóònù. Ẹ fi Shift kún un, ó ń yan ọ̀rọ̀ náà. Alt àti Tab ń gbé yín láti áàpù kan dé òmíràn.

Ẹ fi fóònù ti nǹkan tó wúwo; kọ́ọ̀pù tíì tó kún ń ṣe é, bí ẹ kò bá ní ìdúró tirẹ̀. Kí ẹ sì lọ sí Display, Screen timeout, kí ẹ sún un sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Níbi ìpàdé, èèyàn máa ń gbọ́rọ̀ pẹ́ kó tó kọ ọ́; bí ojú fóònù bá ti ṣú, ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù ni ẹ ó pàdánù nígbà tí ẹ bá ń wá ìka tí ẹ fi ń ṣí i.

Bí ó bá ń ṣe bákan

Bí lẹ́tà kan bá ń tún ara rẹ̀ tẹ̀, "aaaaaaa", ẹ kọ́kọ́ fura sí bátìrì. Bí bátìrì bá dára, ẹ gbé fóònù súnmọ́ ọn, kí ẹ sì gbé ohun tó jẹ́ irin kúrò láàárín wọn.

Bí lẹ́tà àkọ́kọ́ bá ń sọnù lẹ́yìn tí ẹ sinmi díẹ̀, ó sùn ni. Ẹ tẹ Shift lẹ́ẹ̀kan láti jí i, ẹ ka ení, èjì, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí fóònù kò bá rí i mọ́, ó ṣeé ṣe kó ti so mọ́ ẹ̀rọ mìíràn nínú ilé, tábúlẹ́ẹ̀tì ọmọ tàbí fóònù àtijọ́. Ẹ pa Bluetooth ìyẹn. Bí kò bá tíì ṣe é, ẹ tẹ Forget lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ lórí fóònù, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ kejì.

Ẹ máa gba update fóònù. Ní oṣù Kejìlá 2023, Android dí ihò kan tó lè jẹ́ kí àlejò so kíbọ́ọ̀dù ẹ̀tàn mọ́ fóònù láìgba àṣẹ. Fóònù tó wà lórí Android 10 tàbí tó kéré sí i kò rí àtúnṣe náà gbà. Ẹni tó bá ń lo irú rẹ̀, kí ó máa pa Bluetooth nígbà tí kò bá kọ nǹkan.

Bí kíbọ́ọ̀dù ojú fóònù bá kọ̀ láti yọjú nígbà tí ẹ wà nínú ọkọ̀, tí ẹ ń wá bí ẹ ṣe máa tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí ìyàwó tàbí ọkọ yín, ẹ wo inú báàgì. Kíbọ́ọ̀dù ọwọ́ ló wà ní títàn níbẹ̀, fóònù sì ń rò pé òun lẹ ń lò. Ìwé tó wúwo sì lè máa tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ láìmọ̀. Mo ti bá àyè òfo tó gùn tó ojú ìwé mẹ́ta nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé rí. Ẹ fi ọwọ́ pa á níbi bọ́tìnnì rẹ̀ kí ẹ tó ká a, kí ẹ sì wò ó pé iná rẹ̀ ti kú.